Ẹnu Verlyn Kọ̀ Wọ́n, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Gbà Wọ́n

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ìdílé Haverling sú jù lọ ní gbogbo Iowa, ìpínlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Verlyn Roelofs ni. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ìdìbò, bó ṣe fìdí kalẹ̀ sílé kọfí tán báyìí ló tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá bàbá Preston Haverling ṣe sẹ́nétọ̀. Bàbá ẹ̀ ṣe ààrẹ. Àbúrò bàbá ẹ̀ náà dupò, ó fìdí rẹmi. Ní báyìí, Preston fúnra ẹ̀ ti dé. Ṣé wọ́n pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà lógún fún wọn ni? Àwa tá a lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣé àwa náà la tún ń wá ọba kiri?"

Gbogbo àgbẹ̀ tó wà nídìí tábìlì mirí. Ìdílé náà ti sú gbogbo wọn pátá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, torí ẹ máa tó rí ibi tí àwọn onímirí yìí máa dúró sí.

Arlys, ìyàwó Verlyn, kò fọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣeré ní tiẹ̀. Òun ló ń ṣáájú àwọn tó ń ti Lorna Pickett, tó ń bá Preston dupò ààrẹ, lẹ́yìn ládùúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì ni Pickett kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ kékeré kan, bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tí ayé mọ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní fọwọ́ kan owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran àwọn ọsíbítù ìgbèríko lọ́wọ́. Bí owó yẹn bá dáwọ́ dúró, ọsíbítù Garvin Creek máa ti yàrá ìgbẹ̀bí rẹ̀ pa, èyí tó sì kàn lẹ́yìn rẹ̀ ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Kendra, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni, ó sì ń wá ọmọ.

"Bàbá Kendra," ni Arlys wí bí wọ́n ṣe ń jẹun ọ̀sán, "o ò ní dójú tì mí lónìí o."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti ń bú àwọn Haverling láti àárọ̀?"

"Mi ò bi ọ́ ní ti èébú. Ibi tí wàá dúró sí ni mò ń bi ọ́."

"Ọ̀dọ̀ ẹ náà ni. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Ní Iowa nígbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kì í fìwé dìbò níbi ìpàdé yìí, tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa dupò ààrẹ lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í. Àwọn ará àdúgbò á pé sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́, oníkálukú á lọ dúró sí igun ẹni tó fẹ́, ojú ayé á sì rí i. Igun tí èrò inú rẹ̀ ò bá pé iye tí òfin sọ, wọ́n á tú u ká, kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ẹlòmíì.

Verlyn wọlé, ó sì rí àwọn onímirí ilé kọfí. Gbogbo wọn pátá ló wà nígun Haverling. Ó ní kóun kàn lọ kí wọn.

"Duane, ìwọ náà nìyí? Ìwọ tí wọ́n sú láàárọ̀?"

"Wọ́n sú mi gan-an ni," Duane dá a lóhùn. "Àmọ́ a ṣáà mọ̀ wọ́n. Ta ló mọ Pickett? Wo ohun tá a gbé wá."

Fọ́tò ńlá kan ni. Haverling bàbá ló wà níbẹ̀, nígbà tó ń dupò láyé ọjọ́sí, tó ń jẹ páì ní kíṣìnnì ìyá Verlyn. Ìyá náà dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Títí ó fi kú ló ń ròyìn páì yẹn. Inú Verlyn yọ́, omi sì lé sójú rẹ̀.

Àbẹ́ ò rí nǹkan. Preston fúnra rẹ̀ ti wá sóko Verlyn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ilẹ̀ tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ nínú oṣù kìíní, ó wá bi Verlyn léèrè bóyá wọ́n ti fẹ́ kórè àgbàdo. Verlyn fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Páì ìyá rẹ̀ ti wá mú un gbàgbé.

"Bàbá Kendra," Arlys pè é láti igun kejì, "kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń kí wọn ni."

"Ìkíni yẹn ti pẹ́ jù. Ó ku ẹnì kan ká pé. Máa bọ̀."

Verlyn ò kúrò níwájú fọ́tò náà. Kendra, tó dúró ti ìyá rẹ̀, ló wá sọ̀rọ̀.

"Dádì, látìgbà tí Dókítà Buchholz ti kú, ta ló ń tọ́jú àwọn màlúù yín?"

"Dókítà Otero ni."

"Obìnrin tó ti Texas wá, tá ò mọ bàbá ẹ̀? Todd ọmọ Buchholz ńkọ́?"

"Todd kẹ̀? Abẹ́rẹ́ kan ló fún màlúù mi tí màlúù ò fi dìde mọ́. Bàbá ẹ̀ ló mọṣẹ́, wọn ò bí iṣẹ́ mọ́ Todd."

"Mo wà níbí o, Verlyn," Todd wí láti ẹ̀yìn rẹ̀, páì tí wọ́n ń pín nígun Haverling kún ẹnu rẹ̀.

"Mo rí ẹ, Todd. Má bínú."

"Dádì, ẹ ò lè gbé màlúù kan lé ọmọ Buchholz lọ́wọ́ torí bàbá ẹ̀," Kendra wí, "ẹ wá fẹ́ gbé gbogbo Amẹ́ríkà lé ọmọ Haverling lọ́wọ́?"

Verlyn gbẹ́sẹ̀ kan. Ó mọ̀ pé òótọ́ lọmọ òun sọ. Ni Duane bá rọra gbé fọ́tò náà sí iwájú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó. Ẹsẹ̀ náà padà síbi tó wà. Alága kà wọ́n, igun Pickett ò pé, wọ́n tú u ká. Arlys mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, bí Verlyn bá béèrè páì, Arlys á ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ Haverling.

Ẹsẹ̀ Verlyn nìkan kọ́ ló gbé Preston wọlé. Káàkiri ilẹ̀ náà làwọn tí ìdílé yẹn ti sú ti lọ dúró ti orúkọ tí wọ́n mọ̀. Ó di ààrẹ. Lọ́dún kejì, ó gé owó àwọn ọsíbítù ìgbèríko. Wọ́n bi í léèrè lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní bàbá òun fẹ́ràn àwọn ará oko gan-an. Garvin Creek ti yàrá ìgbẹ̀bí pa.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ìrọbí mú Kendra. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, Verlyn ló wa mọ́tò lọ sí ọsíbítù tó jìnnà, Arlys sì di ọmọ rẹ̀ mú ní ìjókòó ẹ̀yìn. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Kendra fi ní ọmọ ti ń bọ̀. Ẹ̀rù ba Verlyn débi tí kò mọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mọ́tò Dókítà Otero tó ń jáde látinú oko kan.

"Màlúù ni mo kọ́ o, Mọ́mì," Otero wí, ó sì ti ń fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ ṣáà bá wa gbà á," Arlys bẹ̀ ẹ́.

Ó gba ọmọ, obìnrin ni, ó ké. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ Kendra ò dá. Otero bá wọn wọ mọ́tò, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ láìsinmi títí tí wọ́n fi dé ọsíbítù. Dókítà ibẹ̀ ní bí wọ́n bá pẹ́ sí i díẹ̀, òkú ni wọn ì bá gbé dé. Verlyn jókòó sí kọ́rídọ̀, ó ń sunkún.

"Ìyá Kendra," ó wí, "ká ní Todd la bá lọ́nà ńkọ́?"

"O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń yan dókítà màlúù," Arlys dá a lóhùn.

Nígbà tí ìdìbò míì ń bọ̀, òkìkí kàn pé àbúrò Preston lóbìnrin fẹ́ dupò. Nílé kọfí, Duane ní ìdílé yẹn ti sú òun. Gbogbo tábìlì mirí. Verlyn nìkan ni ò mi tiẹ̀.

"Duane, fi ti ẹnu sílẹ̀," ó wí. "Ibo lo máa dúró sí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Verlyn rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ọmọ olóṣèlú lè dupò, bó bá sì mọṣẹ́, ẹ dìbò fún un. Àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ti ṣe àti ohun tó fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Lọ́jọ́ tí ìrọbí bá mú ọmọ yín lójú ọ̀nà, orúkọ bàbá olóṣèlú ò ní bá yín gbẹ̀bí.