Omi Inú Ìgò Kẹrin

Epo mẹ́ta, omi kan. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Sípánà rí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún wò ó. Omi náà ni.

Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà lára ẹ̀rọ ìdánwò, ínjẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lórí wọn, àwọn nǹkan kékeré bí ìka ọwọ́ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Láti inú agolo kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ti ń fa epo. Síbẹ̀, epo ló wà nínú ìgò mẹ́ta, omi tó mọ́ kedere ló wà nínú ìkẹrin. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e símú. Kò rùn. Ó kàn tutù bí omi odò ìdájí ni.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ ni pé ọkọ̀ kì í purọ́, èèyàn ló ń purọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń bá a ra epo.

“Bàbá wọn,” ó pè é wẹ́lẹ́, “níbo lẹ ti ra epo inú agolo yìí?”

“Ibi tí mo ti ń rà á látọjọ́. Kí ló dé?”

“Ó jọ pé wọ́n ti bu omi là á.”

Ọkọ rẹ̀ wo àwọn ìgò náà títí. “Ìyá wọn, bí wọ́n bá bu omi là á, ṣé ìgò kan ṣoṣo ni omi ọ̀hún á mọ̀-ọ́n wọ?”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọkọ rẹ̀.

Olùkọ́ kan ló ni ọkọ̀ tó ti tú àwọn ínjẹ́tọ̀ náà, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí kò fẹ̀yìn ti ògiri. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó, ó dàgbà ju àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ lọ. Olùkọ́ ní ó ń gbọ̀n, kò lè gun òkè, mekáníìkì mẹ́ta sì ti pààrọ̀ ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ títí tó fi sú wọn.

Ìyá Sípánà ṣe ohun tí onímọ̀ máa ń ṣe. Ó tú ínjẹ́tọ̀ kẹrin, ó gbé e sí àyè àkọ́kọ́. Bí omi bá tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé òun ló bàjẹ́. Bí omi bá dúró síbi tó wà, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ìdánwò ló ní àrùn. Ó tan ẹ̀rọ. Omi dà sínú ìgò kẹta, kì í ṣe àkọ́kọ́, kì í ṣe ìkẹrin.

Ó fọ gbogbo rẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà ìdí wọn. Ó mú ínjẹ́tọ̀ tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí. Omi.

Ìgbà náà ni fóònù Olùkọ́ dún, ó sì jáde sí etí títì láti gbé e. Bó ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà báyìí, omi dá. Epo ń fọ́n wìnnìwìnnì nínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó padà wọlé, omi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Sípánà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta fún mi díẹ̀.” Epo. “Ẹ máa wọlé.” Omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò. Ọkọ rẹ̀ náà rí i, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé.

“Ta ló ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?” Ìyá Sípánà bi Olùkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti ṣaláìsí.”

“Kí ló ṣe é?”

“Odò ló gbé e lọ. Mi ò tì í o.”

Kò sẹ́ni tó ní ó tì í. Ẹ̀rọ ń kùn. Omi ń gòkè nínú ìgò.

“A ti jọ jà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn,” Olùkọ́ ní. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ létí odò, ó já sínú omi. Mo mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, mi ò bọ́ sódò. Mo ní kó jìyà díẹ̀ ná. Ó pè mí títí. Mo wá sọ fún gbogbo ilé pé mi ò sí níbẹ̀.”

Ìyá Sípánà pa ẹ̀rọ. “Sípánà ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n yín níyàwó?”

“Ó níyàwó. Títí dòní ló ń bi gbogbo ilé bóyá ẹnì kan mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn.”

“Ẹ lọ bá a. Ẹ lọ sọ fún un lónìí.”

Ó to ọkọ̀ padà, ó sì já rìsíìtì iṣẹ́ fún Olùkọ́. Olùkọ́ wa ọkọ̀ náà lọ, ó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kan náà yà wọlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Obìnrin kan ló wà á.

“Ẹ̀yin ni Ìyá Sípánà? Àbúrò ọkọ mi wá sílé lánàá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ń ya ẹnu, ṣùgbọ́n omi ló ń jáde. Kì í ṣe èébì o. Omi tútù tó mọ́ kedere. Ó kún ilẹ̀ pálọ̀ mi. Ìgbà tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ àti àdírẹ́sì yín lára rìsíìtì iṣẹ́, ó sì jáde. A ò tíì rí i.” “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kí ló fẹ́ sọ fún mi?”

Ìyá Sípánà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ orí ba, ó sì fa àga sún mọ́ àlejò náà. Obìnrin náà ò jókòó.

Ìyá Sípánà nu gírísì ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kò fi sí èyí tó kù láti nù mọ́.

“Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni ọkọ yín ń pè títí odò fi gbé e lọ,” ó ní.