Ẹ̀yáwó Tí Kò Ní Èlé

Orí bẹ́ǹṣì ni Waliyah ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan ló dúró sórí bẹ́ǹṣì onígi níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn irin. Wọ́n á tó ogójì èèyàn tó yí i ká nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fáfitì wọ̀ àtàwọn òbí wọn, síbẹ̀ ẹnì kankan kò pariwo.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o," ló ń wí. "Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn ni, irọ́ ló ń pa fún yín. Àmọ́ kò ní èlé. Iye tí ìjọba bá san fún ilé ìwé lórúkọ ọmọ yín, iye yẹn náà ló máa dá padà. Kọ́bọ̀ kò ní lé e."

Ìyá àgbàlagbà kan nawọ́ sókè. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbà á? Ṣé wọn ò ní wá kó ìkòkò mi?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Wọn ò béèrè onídùúró lọ́wọ́ yín. Ọmọ yín á kàwé tán, á ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó oṣù rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ owó orí. Ìkòkò yín á wà níbi tó wà."

Ẹ̀pẹ́ ni Waliyah ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Òun àti ìyá rẹ̀, Rọ̀kíbátù, ni wọ́n jọ ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe JAMB kó tó rí fáfitì wọ̀ ní Ìkòròdú, láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, Alàájì Bísíríyù, tó ti ń pẹja lórí ọ̀sà láti kékeré, ńṣe ni bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹja? Ìwọ tá a bí sétí omi! Ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ẹja?" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ iye owó ilé ìwé, ẹ̀rín náà gbẹ.

Ó ti tó oṣù méjì tí Waliyah ti ń béèrè nípa ẹ̀yáwó ìjọba yìí. Ẹlòmíì ní jìbìtì ni, ẹlòmíì ní wọ́n á gba ilẹ̀ bàbá ẹni. Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yìí lẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé òun ti rìn dé iwájú láìmọ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó nìkan lòun ń tẹ́tí sí.

Nígbà tó kàn án, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mubashir ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"NIN yín ní Waliyah," ló wí, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú rẹ̀. "JAMB ní Waliyat. Èwo gan-an lẹ̀ ń jẹ́ nínú méjèèjì?"

"Èyí tó bá máa jẹ́ kí n tètè délé ni kí ẹ kọ."

"Ẹ̀rọ yìí ò gba ẹ̀bẹ̀ o. Orúkọ tí kò bá bára mu, ńṣe ló máa dá a padà. A ní láti tún un ṣe. Ẹ máa padà wá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí Ọlọ́run bá ṣàánú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Waliyah fi ìbòrí bo ẹnu kó má bàa rí ẹ̀rín òun.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà lọ. Ní ìgbà kẹta, orúkọ ti bára mu, kò sì sí ohun tó tún kù tí kò ṣeé ṣe lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìyẹn nínú àwọn méjèèjì. Ní ìgbà kẹrin, Mubashir ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n sì jọ lọ sí Èbúté Ìkòròdú lọ gba atẹ́gùn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn bọ̀.

"Ìyẹn ti kó jù," ni Waliyah wí, ó nàka sí ọ̀kan. "Ẹ wò ó bí omi ṣe ń lá a létí. Tí afẹ́fẹ́ bá le díẹ̀ sí i, ó di dandan kí wọ́n da yanrìn nù."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí àwọn awakọ̀ náà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da yanrìn sómi. Mubashir wò ó tìyanu-tìyanu. "Irú ẹ̀yin yìí, kí lẹ tún fẹ́ lọ kọ́ ní fáfitì?"

"Bí ẹja ò ṣe ní máa bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Nígbà òjò, ìdajì ohun tá a bá yan ló ń bu. Àwọn kan mọ ìdí rẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Mubashir yíjú sí omi. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òun náà ti wọ ilé ìwé gíga rí, ọdún kejì lòun wà tí bàbá òun fi kú, tí owó ilé ìwé sì tán. "Irú ẹ̀yáwó yìí ò sí nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gun bẹ́ǹṣì. Mi ò gbowó àlàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí i. "Waliyah, ìgbà wo lo máa yé pè mí ní ẹ?"

"Ìgbà tí ẹ bá yé ṣe bíi tíṣà."

"Mo ti yé e báyìí."

"Ó dáa." Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò. "Mubashir, ebi ń pa mí. Ra àgbàdo fún mi."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ dé etí Alàájì Bísíríyù pé ọmọ òun fẹ́ yáwó kàwé. Ó pè é síwájú ìyá rẹ̀. "Ribà ni ẹ̀yáwó àwọn wọ̀nyí, owó èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀. Mi ò jẹ ribà rí, ọmọ mi ò ní fi kàwé. Zikrullah ti wá bá mi. Ó ní òun á san gbogbo owó náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, tí n bá ti lè fún òun ní ìwọ."

Zikrullah kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló ń tà, ọwọ́ rẹ̀ kún, ó sì ń kí àgbà dáadáa. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Waliyah sáré lọ sí Ìtamágà, ó ro gbogbo ẹ̀ fún Mubashir. Ojú ọkùnrin náà le. "Mo ní owó kan nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi fẹ ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́ kí n fi san án. Jẹ́ kí n lọ bá bàbá rẹ lọ́la."

Waliyah fà sẹ́yìn. "Tó o bá san án, kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwọ àti Zikrullah?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn."

"Òun náà á ní òun nífẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yin méjèèjì, owó lẹ kọ́kọ́ mú síta." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Waliyah ń yan ẹja, èéfín ń bọ́ sí i lójú, ó sì dùn mọ́ ọn pé èéfín wà tí òun lè dá lẹ́bi. Ní ọjọ́ kẹwàá, ohùn Mubashir wọlé lórí Wásáàpù. Kò gùn.

"O jàre. Ohun tó yẹ kí n tọrọ ni mo fẹ́ rà. Má bínú sí mi, olólùfẹ́ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó náà. Bí o bá fẹ́ mi, bí o kò fẹ́ mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó kọjá."

Waliyah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ìbòrí tó mọ́, ó sì ní kí ìyá òun bá òun pe Ààfáà Fàsásì, tí bàbá rẹ̀ kì í já ní koro.

Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n bá Alàájì Bísíríyù, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Waliyah kúnlẹ̀. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ṣàlàyé ẹ̀yáwó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó ń san án, ilé ìwé tó ń gbà á, ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, iye tí wọ́n á máa yọ. Ààfáà bi í bóyá àfikún kan wà lórí rẹ̀, bóyá ó máa ń pọ̀ sí i tí ọjọ́ bá pẹ́. Ó ní kò sí.

"Bàbá," ló wí, "lọ́dún tí ẹ̀rọ ọkọ̀ yín jóná, ta ló yá yín lówó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi Ọláòtán ni."

"Ṣé wọ́n gba èlé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? Èló ló yá mi, èló náà ni mo dá padà."

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ fún àwọn lọ́mọ?"

Bàbá náà gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀.

"Ẹ̀yáwó ìjọba yìí ò ní èlé, Bàbá. Owó Zikrullah ló ní èlé. Èmi ni èlé rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ààfáà Fàsásì kọ́kọ́ mi orí, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Bísíríyù, bó bá rí bí ọmọ yìí ṣe wí, ẹ̀yáwó rere ni, ẹ̀sìn wa ò kọ̀ ọ́. Kò sí ribà níbẹ̀. Èyí tó wà nílé rẹ ni kó o yẹ̀ wò."

Alàájì Bísíríyù gbé àwọ̀n kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ọ̀la ni Jímọ̀," ló wí níkẹyìn. "Tètè jí."

Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí Waliyah fi dé Ìtamágà. Mubashir ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́. Wọ́n wo ara wọn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ ká kọ fọ́ọ̀mù ná," ni Waliyah wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, kó o wá tọrọ."

Ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀yáwó náà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mubashir àti ìyá rẹ̀, Mùlíkátù, wá sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà ilé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí lo mú wá?" ni Alàájì Bísíríyù bi í.

"Mi ò mú owó ilé ìwé wá, Bàbá. Mo wá tọrọ ọmọ yín ni."

"Ọdún márùn-ún ló máa fi kàwé. Ṣé o lè dúró?"

"Mo lè dúró, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bi òun náà."

Waliyah ò jẹ́ kí wọ́n bi í. "Èmi ò lè dúró o. Bàbá, ẹni tó lè yan ẹja, kó tún tà á, kó tún tọ́mọ, bí ìyá mi ti ṣe, á lè wà nílé ọkọ kó sì kàwé."

Rọ̀kíbátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó di pé gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Waliyah ti lo oṣù mélòó kan ní fáfitì kí wọ́n tó so yìgì wọn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tí Ààfáà béèrè bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi ní òun gbà. Alàájì Bísíríyù fi etí agbádá nu ojú, ó ní atẹ́gùn ọ̀sà ni.

Wọ́n kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí ọkọ̀ wọn ti ń kọjá ní Ìtòíkìn, Waliyah jókòó ṣinṣin lójijì.

"Mubashir, ọjọ́ Ajé ni ìdánwò mi!"

"O ti kàwé rẹ̀?"

"Ìyàwó wo ló ń kàwé lọ́sẹ̀ yìgì ẹ̀?"

Mubashir nawọ́ mú ìwé náà nínú ẹrù, ó ṣí i, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ó ń bi í, Waliyah ń dáhùn, orí rẹ̀ wà léjìká ọkọ rẹ̀, títí tí wọ́n fi dé ibi tí ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí ẹja ẹpìyà máa ń yé ẹyin.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni Waliyah wí, ó la ojú sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, ìyàwó mi."

"Ẹni tó kọ ọ́ ò dé Ẹ̀pẹ́ rí. Fún mi ní bírò."