Atukọ̀ Adágún Bunyonyi

Ọkùnrin kan wà láàárín adágún Bunyonyi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń yí po lójú kan bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó fi àjẹ̀ wa omi lọ́tùn-ún, imú ọkọ̀ yí sósì. Ó wà á lósì, ọkọ̀ tún yí padà. Ìkùukùu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè kúrò lára àwọn òkè ni, oòrùn sì tàn sí ẹ̀wù pupa ọrùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń já ẹrù ànàmọ́ ní èbúté fi dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń wòran.

Kobusingye, ọmọbìnrin atukọ̀ kan, náà ń wò ó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà kò pariwo, kò sì bínú, pé ńṣe ló kàn ń tún un gbìyànjú bí ẹni tó ń ka ìwé tó le, ẹ̀rín náà rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ọkọ̀ tirẹ̀ sómi, ó sì tù ú lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀ ń ro omi yìí kó lè ki ni?"

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ẹ bá mi wá abọ́."

"Ta ló fún yín lọ́kọ̀?"

"Bàbá kan ni. Ó ní ọmọ ẹ̀yà Kiga bíi tiwa kì í kọ́ ọkọ̀ títù, pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà."

"Ẹ̀jẹ̀ tiyín ti gbàgbé nìyẹn. Ẹ di ìdí ọkọ̀ mi mú."

Rwomushana lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kabale ni, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti wà nílé ìwé ní Kampala, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè wá. "Ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo ń wọ̀n kiri," ló sọ fún Kobusingye bí wọ́n ṣe dé èbúté. "Mi ò tíì rin ti bàbá mi rí." Kó tó di ọ̀sán, ó ti ní Kobusingye nìkan ni kó máa mú òun kiri títí ìsinmi yóò fi tán.

Kì í ṣe òun ni àlejò àkọ́kọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Kobusingye nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó ń mú àlejò rìn lórí adágún náà. Karwemera bàbá rẹ̀ ló ń gbẹ́ ọkọ̀ fún ìdajì etí omi. Nígbà tí Kobusingye bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin ní kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ọmọbìnrin. Ó wọ ìdíje ọkọ̀ títù lọ́dún méjì léra wọn, ó sì gba ipò kìíní nígbà méjèèjì. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń dá kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó dé, àwọn méjèèjì a gbé ọkọ̀ kayáàkì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wọ àárín àwọn erékùṣù. "Jẹ́ kí àjẹ̀ pẹ́ díẹ̀ nínú omi lẹ́yìn," ni Kobusingye máa ń wí. "Òun ló ń tọ́ imú ọkọ̀." Lọ́sàn-án, wọn a gun òkè, wọn a gba àárín àwọn obìnrin tó ń kórè ọkà bàbà kọjá. Àwọn obìnrin náà a bu ògì ọkà bàbà tútù fún wọn, wọn a sì bi Kobusingye bóyá àlejò ni èyí tàbí àna.

"Àlejò ni," Kobusingye a dáhùn.

"Àlejò ni mí títí di báyìí," Rwomushana a sì fi kún un.

Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n jókòó sórí òkè kan tí gbogbo adágún tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, orí òkè Muhabura sì yọ lókèèrè. Rwomushana gbé àgbọ̀n lé orúnkún, ó ń wo omi.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," Kobusingye wí.

"Rárá. Mò ń wá bí mo ṣe máa sọ pé mi ò fẹ́ kí ìsinmi yìí tán ni."

"O ti sọ ọ́ yẹn."

"Títí ayé ni mo ní lọ́kàn."

Kobusingye fa koríko kan tu, ó ń wé e mọ́ ìka. "Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi wà lórí omi yìí. Mi ò ní tìtorí ọkùnrin fi í sílẹ̀."

"Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀? Ilẹ̀ tó yẹ ká wọ̀n wà ní Kabale náà."

Ìyá Rwomushana ló ní kó fi í sílẹ̀. Opó ni Joventa, ó ń ta aṣọ ní Kabale, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọkùnrin yìí. Nígbà tí Rwomushana sọ fún un, ó ní, "Mo fi gbogbo agbára mi rán ọ níwèé, kí ìyàwó mi wá máa tu àlejò kiri bí ọkùnrin? Kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, màá gbà á bí ọmọ."

Rwomushana tẹ orí ba padà sọ́dọ̀ Kobusingye ní òdìkejì adágún. "Sọ fún wọn pé o máa fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Tó bá yá, wọ́n á gbàgbé."

"Ṣé irọ́ ni kí n fi ṣe ẹrù wọlé ọkọ?"

"Nítorí àlàáfíà ni, ayọ̀ mi."

"Àlàáfíà ni ìtumọ̀ orúkọ mi. Mo mọ̀ ọ́n tí mo bá rí i. Èyí kọ́."

Kobusingye gbé àpò Rwomushana sínú ọkọ̀, ó tù ú dé èbúté, ó já a sílẹ̀, kò sì wẹ̀yìn. Nígbà tó délé, ó wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Bàbá rẹ̀ bi í ohun tó ṣe ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni.

"A ò tíì dáná lónìí," Karwemera wí.

"Bàbá, ṣé mo ti ṣe àṣejù ni?"

Bàbá náà gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ̀ tí a bá ń gbẹ́ kó lè wu gbogbo ẹni tó ń kọjá, jíjò ló máa ń jò."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Sunday kan, Kobusingye rí Rwomushana ní èbúté, obìnrin kan tó ró aṣọ dáadáa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti sọ òtítọ́ fún Màmá," Rwomushana wí. "Mo ní èmi ni mo ní kó o purọ́, pé o kọ̀. Wọ́n ní kí n mú wọn wá wò ọ́."

Ọkọ̀ ẹ̀rọ ti gbé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ọkọ̀ igi nìkan ló kù tí yóò gbé wọn dé òdìkejì. Kobusingye kúnlẹ̀ kí Joventa, ó fi í sí àárín ọkọ̀ igi rẹ̀, Rwomushana mú àjẹ̀ níwájú. Joventa kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Wọ́n dé àárín gbùngbùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán gbéra, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Joventa dìde dúró, ó ní kí wọ́n dá òun padà.

"Ẹ jókòó, Màmá."

Kò jókòó. Ọkọ̀ fì.

"Ẹ jókòó sílẹ̀ báyìí. Ẹ di etí ọkọ̀ mú. Ojú mi ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo omi."

Rwomushana kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Joventa jókòó. Kobusingye kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń fà sẹ́yìn, omi ń ta sí i lójú, kò nù ún. "Rwomushana, ọ̀tún. Jẹ́ kó pẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dé ẹ̀yìn erékùṣù kan tí afẹ́fẹ́ ò dé, wọ́n sinmi níbẹ̀ títí omi fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, Joventa gba ọwọ́ Kobusingye, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí le."

"Ó le, Màmá."

"Tèmi náà le báyìí nígbà tí mò ń ru aṣọ ká ọjà, kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kí n jókòó sílé nígbà yẹn." Ó pa àtẹ́lẹwọ́ náà dé. "Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ọmọ mi. Níbo ni bàbá rẹ wà?"

Bí Joventa ṣe ń gun òkè lọ sílé Karwemera, Rwomushana dúró lẹ́yìn. "Ohun tí mo ṣe kò dáa."

"Kò dáa lóòótọ́. Má tún un ṣe."

"Mi ò ní tún un ṣe, ọ̀gá mi."

Kobusingye sì fún un ní ọwọ́ kan náà dì mú.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí òjò dá, tí Rwomushana sì ti rí iṣẹ́ sí Kabale. Àwọn ẹbí fi òdòdó ṣe ọkọ̀ ẹ̀rọ lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó. Joventa ní kí wọ́n kó òdòdó náà kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ igi. Àwọn ìyá Kobusingye ní ìyàwó gbọ́dọ̀ sunkún tó bá ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbìyànjú, ẹ̀rín ló jáde. Ó ká aṣọ ìyàwó rẹ̀ sí orúnkún, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó sì tẹ àjẹ̀ bọ omi.

Lára àwọn òkè tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn, àwọn obìnrin fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n nàró. Ọkùnrin kan nahùn láti inú ọkọ̀ mìíràn, ó bèèrè ẹni tó ń gbé ìyàwó.

Joventa jókòó láàárín ọkọ̀ láìdi ohunkóhun mú. Òun ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì já gaara lórí omi.

"Kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ìyàwó ọmọ mi ló ń gbé wa lọ sílé."