Yàrá Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Ó ṣojú mi. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì bù mọ́ ọn.

Lọ́dún 1998, Ọlákìtán, àbúrò ọkọ mi, gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ sí Ọ̀sì láti ìlú òyìnbó. Ẹ̀rọ náà máa ń tu sìmẹ́ǹtì tútù lẹ́nu, ìlà lórí ìlà, títí yóò fi di ògiri. Bí ògiri bá gbẹ, wọn a fi ọkọ̀ kó o lọ, wọn a tò ó di ilé. Ilé tí agbára tíṣà ká ni. Gbogbo ìlú ń yìn ín.

Kọ́mọláfẹ́, ọkọ mi, kò yìn ín. Akọ̀wé káńsù ni. Ilé tirẹ̀ kò tíì kọjá fèrèsé láti ìgbà tí mo ti bí Tófúnmi. Igi ti hù ní pálọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ àbúrò rẹ̀, a dìde níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, ó ní kí n sin òun lọ wo ẹ̀rọ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ọkọ mi fẹnu kan ihò tí sìmẹ́ǹtì ń gbà jáde. Ó sọ nǹkan sínú rẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Bàbá Tófúnmi, kí lẹ sọ?"

Ó nu eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lẹ́nu, ó ní ká máa lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọlákìtán ránṣẹ́ pè wá. Yàrá kan ti dúró síbẹ̀. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ọlákìtán búra pé òun kọ́ ló kọ́ ọ. Epo inú jẹnẹrétọ̀ kò sì dín.

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn ọkọ mi nínú yàrá ọ̀hún. Ọkọ mi sì dúró tì mí, ó panu mọ́.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n," ni ohùn náà ń wí. "Èmi ló tọ́ sí."

Kò pariwo. Ó kàn ń tún un sọ ni.

Ọlákìtán dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa mú ẹ̀rọ náà."

Ọkọ mi la ẹnu láti fèsì. Ohùn kò jáde.

Wọ́n fọ́ ògiri náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Títí dòní, ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní Ìlọrin ní ọ̀fun rẹ̀ kò lárùn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́níkẹ́, tíṣà tó ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ẹ̀rọ náà kọ́ ní Ìlọ́fà, wá bá mi. Ó bi mí bóyá ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní rárá.

Ó fà mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá Tófúnmi, ohùn Bàbá Tófúnmi wà nínú ògiri wa. Wọ́n ń béèrè ẹni tó nilé."

Mo ní kó má dá a lóhùn.

Ó ní ọkọ òun ti dáhùn, kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.