Apá Ẹ̀wù Lójú Ọrùn

Ojú ọrùn ẹ̀wù ni Bàbá Télọ̀ rán apá mọ́. Àyà Abẹ́rẹ́ já. Bàbá àgbà rẹ̀ yìí ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Bàbá, irú ẹ̀wù wo lẹ rán yìí?"

Ọkùnrin tó rán aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn bàbá ìlú, tó tún rán ti àwọn ọmọ wọn, ń yí ẹ̀wù náà síwá sẹ́yìn. "Má sọ fún ìyá ẹ o. Á gba máṣìnì lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ṣùgbọ́n àánú kò jẹ́ kó kọ̀. Ó mú bíléèdì, ó tú u, ó tún un rán. Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní "Bàbá ńkọ́?", Abẹ́rẹ́ á ní "Àlàáfíà ni wọ́n wà, Mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀, òórùn aṣọ jíjó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Áyọ́ọ̀nù dojú dé orí kóòtù oníbàárà, èéfín sì ti gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kàn dúró, wọ́n ń wò ó. Abẹ́rẹ́ sáré fa wáyà yọ. Àfi bí Bàbá ṣe na sísọ́ọ̀sì ńlá sí i.

"Olè! Ta ló rán ẹ wá?"

"Bàbá, èmi ni! Abẹ́rẹ́ yín ni!"

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ògiri. Ọlọ́run ló ní kí ìyá tètè dé lọ́jọ́ náà, òun ló rọra gba sísọ́ọ̀sì.

Nílé ìwòsàn, dókítà gbé àwòrán ọpọlọ Bàbá sójú iná. "Ẹ wo àlàfo dúdú yìí. Ẹran ara ọpọlọ wọn ló ń súnkì. Nǹkan bí ìdọ̀tí ń dì sáàárín rẹ̀, ibi tó ń rántí nǹkan sì ń kú díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ó lè padà?"

"Èyí tó kú ti kú, Mà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ tètè wá ni, wọn kì bá tí dá wà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Òní ni mo rí i," ni ìyá wí.

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. "Ó ti pẹ́, Mà. Èmi ni mò ń tún aṣọ tí wọ́n bá rán òdì rán."

Ìyá fà á mọ́ra. "Ìwọ nìkan lo ti ń gbé ẹrù yìí?"

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àìsàn tí a bò mọ́lẹ̀ kì í kú, ńṣe ló ń dàgbà.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá nawọ́ ẹ̀wù kan sí i, bọ́tìnì wà lẹ́yìn. "Abẹ́rẹ́, má sọ fún ìyá ẹ o."

Wọ́n ṣì mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn ò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ̀rù ọjọ́ náà sì ń bà á gidigidi. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan bíléèdì kó tó fi í sílẹ̀.

"Màmá," ó pariwo, "ẹ wá wo ẹ̀wù yìí o!"