Súlíátù Yan Àwọ̀ Iná

Súlíátù rèé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìlú Òrò ló ń gbé, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Lónìí, Súlíátù ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀?

Ewúrẹ́ wọn bímọ ní ìjẹta! Méjì ló bí. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa.

Ìyá Fúlérà, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà, ló ni ìyá ewúrẹ́. Ó ní kí Ìyá Àgbà máa bá òun sìn ín. Bí wọ́n sì ṣe ń pín in nìyí: ọmọ àkọ́kọ́, ti Ìyá Fúlérà ni. Ọmọ kejì, ti ẹni tó ń sìn ín ni.

Ta ló ń já ewé fún ewúrẹ́? Súlíátù ni!

Ta ló ń bu omi fún ewúrẹ́? Súlíátù ni!

Ìyá Àgbà sọ pé, "Ó dáa. Dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Pupa ló ṣìkejì. Pupa, tìrẹ ni."

Háà! Súlíátù kò tíì ní ohun kan rí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kódà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ọmọ ewúrẹ́ náà pupa bí ilẹ̀ Òrò gan-an. Tó bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.

Oòrùn wọ̀. Ìyá Àgbà kírun Màgàríbì tán. Ni ìyá ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀! Mẹ̀ẹ́ẹ̀!"

Dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pupa dà?

Súlíátù wo ẹ̀yìn ìkòkò omi. Kò sí. Ó wo abẹ́ àga. Kò sí. Ó wo inú ilé ìdáná. Kò sí, kò sí, kò sí!

Ó wá gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn ilé, lábẹ́ àpáta.

"Mẹ̀."

Ihò kan wà lábẹ́ àpáta náà. Ihò náà gùn. Ó há. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Súlíátù fẹ́ na ọwọ́ wọlé.

"Dúró!" Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A kì í ki ọwọ́ bọ ihò tí a ò rí inú rẹ̀. Ejò ń gbé inú ihò."

Tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Tọ́ọ̀ṣì wà, bátìrì ni kò sí. Lọ́dún náà, bátìrì wọ́n bí ojú.

Àtùpà ńkọ́? Àtùpà ga ju ẹnu ihò lọ.

Ọyẹ́ sì ń mú. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò lè sun inú òtútù láìmu ọmú.

Ẹ̀rù ba Súlíátù. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sáré lọ bá Bùrọ̀dá Bọ̀dé.

Bùrọ̀dá Bọ̀dé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Èkó ló ti wá ṣọdún. Ó ní mọ́tò ìṣeré kékeré kan. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe mọ́tò lásán!

Táyà rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Kò ní dẹ́rẹ́bà. Ẹnikẹ́ni kò fà á. Bùrọ̀dá Bọ̀dé á tẹ rìmóòtù lọ́wọ́, mọ́tò á gbéra níwájú. Rùùrù, rùùrù! Á máa gun òkúta bí aláǹgbá. Láàárọ̀ yẹn, àwọn àgbà tó ń lọ sóko dúró, wọ́n ń wò ó. Wọ́n la ẹnu, wọn ò rántí pa á dé.

Gílóòbù kékeré kan wà níwájú mọ́tò náà.

"Bùrọ̀dá Bọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jẹ́ kó wọ inú ihò!"

Bùrọ̀dá Bọ̀dé họ orí. "Tó bá há síbẹ̀ ńkọ́? Bátìrì rẹ̀ sì ti ń kú lọ."

Ó wo ojú Súlíátù. Omijé ti kún ibẹ̀.

"Ó dáa. Ìyá Àgbà, ẹ fún wa lókùn."

Wọ́n so okùn mọ́ ìdí mọ́tò. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀ lẹ́nu ihò. Ìyá Àgbà náà dojú bolẹ̀!

Rùùrù, rùùrù. Mọ́tò wọlé. Táyà tú eruku sókè. Iná funfun kọ lu eruku. Gbogbo inú ihò di funfun, bí ìgbà téèyàn ń wo inú àwo ẹ̀kọ.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Súlíátù wí.

Wọ́n fa okùn. Wọ́ọ́!

Bùrọ̀dá Bọ̀dé ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú ọ̀rá súìtì mẹ́ta jáde: pupa, búlúù, yẹ́lò.

"Tá a bá fi ọ̀rá yìí bo gílóòbù, àwọ̀ iná á yí padà. Èwo ni ká lò?"

"Pupa!" Súlíátù fẹ́ràn pupa ju gbogbo àwọ̀ lọ.

Rùùrù, rùùrù. Inú ihò pọ́n. Ó pọ́n yòò! Ó lẹ́wà gan-an.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Ewúrẹ́ pupa. Iná náà tún pupa. Ta ló fẹ́ rí nǹkan níbẹ̀?

Gbàgà! Mọ́tò kọ lu òkúta. Ó dojú dé.

Wọ́n fa okùn. Wọ́ọ́!

"Búlúù ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò," ni Bùrọ̀dá Bọ̀dé wí.

Rùùrù... rùùrù. Inú ihò dà bí ìsàlẹ̀ odò. Ṣùgbọ́n iná náà kò lọ jìnnà. Òkùnkùn gbé e mì.

Wọ́n fa okùn. Wọ́ọ́!

Iná ti ń kéré sí i. Ohùn inú ihò náà ti ń kéré sí i.

"Mẹ̀."

Súlíátù fẹ́ sunkún. Ó yíjú kúrò. Ó rí àtùpà Ìyá Àgbà nílẹ̀. Eruku ń fò yí i ká. Síbẹ̀, Súlíátù ń rí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kedere.

Ó ronú. Ó tún ronú.

"Ìyá Àgbà! Iná àtùpà yín kì í ṣe funfun! Yẹ́lò ni! Kò bá eruku jà!"

Bùrọ̀dá Bọ̀dé yára fi ọ̀rá yẹ́lò bo gílóòbù.

"Bìsìmíláì," ni Ìyá Àgbà wí.

Rù... rù... rù. Mọ́tò wọlé lọ.

Iná yẹ́lò tẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Òkúta rèé. Gbòǹgbò igi rèé. Ejò kankan kò sí.

Lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn, ojú méjì tàn padà. Wàì! Wàì!



"Subuhanalai," ni Ìyá Àgbà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ojú ewúrẹ́ ń tan iná!"

"Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, Bùrọ̀dá Bọ̀dé," ni Súlíátù wí. "Ó ń wo iná."

Mọ́tò fẹ̀yìn rìn. Ojú méjì tẹ̀ lé e. Mọ́tò dúró. Ojú méjì dúró. Mọ́tò tún fẹ̀yìn rìn. Ojú méjì tún tẹ̀ lé e.

Rù... rù...

Pá! Iná kú. Bátìrì ti tán.

Òkùnkùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Súlíátù tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ẹnu ihò.

Imú kékeré kan, tútù, rinrin, kan ọwọ́ rẹ̀.

"Mẹ̀!"

Súlíátù gbé e. Ó gbá a mọ́ra, ó sì sá tọ ìyá ewúrẹ́ lọ. Ọmọ ewúrẹ́ pupa kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ọmú ló gbá mú. Ìrù rẹ̀ ń jù fì-fì-fì.

Inú Súlíátù dùn gan-an.

Ìyá Àgbà gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí Súlíátù bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà tó ní agbo ẹran.

"Ẹ kú ọ̀sìn o, Àlàájà Súlíátù!"

Súlíátù na ọrùn sókè. Ó fi ohùn àgbà dáhùn.

"A dúpẹ́ o. Ilé ńkọ́?"