Ìkíni La Ṣì Wà

Ìyá Tamandani kò rí ohun tuntun kan nínú ìrìn àjò ọjọ́ náà. Láti oko tíì ní Thyolo, lórílẹ̀-èdè Màláwì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Blantyre láti rí dókítà ọkàn, bó ti máa ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tamandani, jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè dùbúlẹ̀ mọ́ o. Ìjókòó lẹ ń sùn, ẹsẹ̀ yín sì ń wú. Kẹ́ ẹ sì sọ ti oògùn tó ń mú yín tọ̀, pé ẹ ti pa á tì."

"Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé kí n máa ká tíì, kí n máa lóṣòó lójú àwọn ọkùnrin ni?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, bẹ́ǹṣì ti kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá dìde, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn, Ìyá bá fún ara rẹ̀ pọ̀, kò mumi, kò lọ tọ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, nọ́ọ̀sì dá Tamandani dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Aláìsàn nìkan ló ń wọlé."

Dókítà Nyasulu kò gbójú sókè. "Ìyá, ṣé àlàáfíà ni?"

Níbí, bí ara ẹni ń jóná, tí wọ́n bá kíni, àlàáfíà là ń dáhùn. Ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

"Àlàáfíà ni, Dókítà. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Ó ti ń kọ̀wé. "Oògùn yẹn náà ni kẹ́ ẹ máa lò. Ó dàbọ̀."

Kí Ìyá tó la ẹnu, ẹni tó kàn ti di àga mú.

"Ṣé ẹ sọ ọ́?" Tamandani béèrè níta.

"Ìkíni la ṣì wà tó ní kí n máa lọ."

Tamandani bẹ nọ́ọ̀sì títí pé kó jẹ́ kí Ìyá padà wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Oṣù kan kò pé tí Ìyá fi ṣubú sáàárín ewé tíì. Omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Dókítà kan náà ló wá dúró tì í ní wọ́ọ̀dù. "Ìyá, ṣé àlàáfíà ni?"

Tòun ti rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú, Ìyá ní, "Àlàáfíà... ni, Dókítà."

Tamandani bú sẹ́kún. "Irọ́ ni, Dókítà. Ẹ kí wọn ni, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Wọn kì í lè dùbúlẹ̀. Wọn ò lo oògùn ìtọ̀ mọ́, torí kò síbi tí wọ́n máa tọ̀ lóko."

Dókítà fa àga, ó jókòó. "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ ò... tíì bi mí."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ǹ bá ní kẹ́ ẹ máa lò ó lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá ti oko dé. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà."

Ìyá kò kú, ṣùgbọ́n kò tún ká tíì mọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ni agbára rẹ̀ mọ.

Èrò pọ̀ jù fún dókítà kan, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin dókítà, tẹ́ ẹ bá kí aláìsàn tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá béèrè pé kí ló ń dùn ún àti oògùn wo ni kò lò. Ẹ̀yin aláìsàn, ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni yín bá yín wọlé. Ẹ ti kí ara yín tó lórí bẹ́ǹṣì níta.